Ti Ta Ni Owó Tó Wà ní Báńkì Ẹgbẹ́ Yín?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di akápò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kan. Àwa òbí àti àwọn olùfẹ́ eré ìdárayá la jọ ń ṣe é, kì í ṣe torí èrè. Alága tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Owó wa tó wà ní báńkì jẹ́ 48,000, ìgbìmọ̀ sì ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní owó yẹn ti pọ̀ jù, pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè kò gbọdọ̀ ní owó tó ṣẹ́kù, ká fi ra bọ́ọ̀sì tàbí ká dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù. Àwọn yòókù ní ìnáwó ń ga sí i láti ìgbà tí alága ti lọ, pé àwa tuntun là ń náwó nínàákúnàá. Ẹnì kan tún ní ká fọkàn balẹ̀, pé ọmọ wa kan tó ti di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù lókè òkun máa mú owó ńlá wọlé fún wa. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, akápò wa, ẹ sì ṣeun tí ẹ fi ìwé owó ọdún márùn-ún ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń béèrè irú nǹkan yìí láìfi ìwé kankan hàn mí, tí èmi náà á wá máa méfò. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí ibi tí owó ti sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ tí ẹ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, torí bí àwọn tó ń yọ̀ǹda àkókò wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bá ti ń fura síra wọn, ẹgbẹ́ lè tú ká kí owó tó tán.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé gbogbo yín ń wo iye kan ṣoṣo, 48,000. Iye yẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Owó kì í kọ orúkọ olówó sára nígbà tó bá ń wọ báńkì. Èyí tí òbí san, èyí tí onígbọ̀wọ́ fi ta yín lọ́rẹ, èyí tí ẹ ṣì jẹ rẹfirí, gbogbo wọn á para pọ̀ di òǹkà kan ní ìsàlẹ̀ ìwé báńkì. Akápò ló máa tú wọn ká, tó máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ta ló ni ọ́, ọdún wo lo sì wà fún? Ẹ jẹ́ ká jọ tú u.

Ọjọ́ tí sáà parí ni ìwé báńkì yín kà dé. Nígbà yẹn, òbí àwọn ọmọ 45 ti san owó sáà tó ń bọ̀, 420 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18,900. Owó yìí ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kò tíì kọ́ ọmọ kankan ní bó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù dúró, ẹ kò tíì san owó pápá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú sáà yẹn. Bí sáà náà kò bá wáyé, òbí ló lowó. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀: lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dá eré ìdárayá dúró káàkiri ayé, wàhálà bá àwọn ẹgbẹ́ tó ti fi owó sáà tó ń bọ̀ san gbèsè èyí tó kọjá. Òbí ń béèrè owó rẹ̀, ẹgbẹ́ kò rí nǹkan kan kó fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni 12,000 tí àjọ kan fi ràn yín lọ́wọ́ lóṣù tó kẹ́yìn sáà. Ìwé àdéhùn wọn wà láàárín àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́, gbólóhùn rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀ rárá: láti dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ni. Owó yìí wà ní àkáǹtì yín, àmọ́ ọwọ́ yín kò tó o fún ohun mìíràn. Ibí yìí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rere ti ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Mo bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ nígbà kan tí wọ́n gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àtùpà pápá, kí àwọn ọmọ lè máa rí ibi gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́. Owó ọkọ̀ ìdíje kan kù díẹ̀, wọ́n ní kí àwọn yá a níbẹ̀ ná, àwọn máa dá a padà bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá wọlé. Wọ́n ní in lọ́kàn láti dá a padà, mo mọ̀ wọ́n, olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kò pọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí ẹni tó fún wọn lówó wá wo àtùpà, òpó méjì ló bá, kò sí gílóòbù lórí wọn. Kò pariwo, kò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ó kàn dá ọwọ́ dúró ni, àwọn onígbọ̀wọ́ méjì tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ náà sì dá tiwọn dúró. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó tó bá ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí báńkì bá máa gba owó jù lórí rẹ̀, ẹ ya ojú ìwé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ìṣirò, kí ẹ sì máa ka ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìgbìmọ̀ lóṣooṣù.

Èyí tó kù kò le. Ẹ jẹ owó pápá oṣù méjì àti owó rẹfirí, 4,600. Owó ìdúró tí àwọn òbí fi sílẹ̀ lórí jẹ́sì, tí ẹ máa dá padà bí ọmọ bá dá aṣọ padà, jẹ́ 2,000.

Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú 48,000, ohun tó kù jẹ́ 10,500. Òun nìkan ni owó ẹgbẹ́. Ẹ ná 72,000 lọ́dún tó kọjá, ìyẹn 6,000 lóṣù kan. Ẹni tó wo 48,000 rò pé ẹgbẹ́ lè mí fún oṣù mẹ́jọ bí owó kankan kò bá wọlé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oṣù kan àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Nítorí náà, mo máa dá àwọn tó ní owó ti pọ̀ jù lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nínú ìtumọ̀ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè pé kó máa ná owó rẹ̀ dé isàlẹ̀ àpò. Ohun tí òfin kọ̀ fún un, ní orílẹ̀-èdè tí mo mọ̀ gbogbo, ni pé kí ó pín owó tó ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, olùdásílẹ̀ tàbí ìgbìmọ̀. Kí owó ṣẹ́kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni owó náà gbọ́dọ̀ padà sí. Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ẹgbẹ́ tó bá sì ná gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé ló máa ru igbá náà fún un lọ́jọ́ tí onígbọ̀wọ́ kan bá yẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aṣírò owó ni pé kí irú ẹgbẹ́ báyìí ní owó ìpamọ́ tó lè gbé e fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Fún ẹ̀yin, 18,000 sí 36,000 nìyẹn. Èmi ò ní ní kí ẹ lé oṣù mẹ́fà. Bí àwọ̀n ilé bọ́ọ̀lù bá ti ya, tí bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré sì wà fún ọmọ ogún, kò yẹ kí owó máa sùn ní báńkì. Ẹ dé oṣù mẹ́ta ná, kí ẹ fi ọdún mẹ́ta dé ibẹ̀.

Ó kan ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀yin tuntun, pé ẹ ń náwó nínàákúnàá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí bí mo ṣe ń kà á, torí mo ti rí àwọn akápò tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dá ẹjọ́ náà bó bá wo ọdún kan. Ẹ tẹ́ ọdún márààrún kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ pín ìnáwó ọdún kọ̀ọ̀kan sí iye ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Mo ti bá yín ṣe é. Ọmọ 90 ni ẹ ní lọ́dún kìíní, ìnáwó jẹ́ 40,500, ọmọ kan ná yín ní 450. Lọ́dún kejì, ọmọ 110, 51,700, ó di 470. Lọ́dún kẹta, ọmọ 130, 63,700, ó di 490. Lọ́dún kẹrin, ọmọ 135, 70,200, ó di 520. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ti dín sí 120, ìnáwó sì jẹ́ 72,000, ó fò dé 600.

Èyí ni wọ́n rí tí wọ́n fi pariwo: láti 520 sí 600 nínú ọdún kan, lọ́dún tí alága lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀. Owó pápá, owó líìgì, owó adójútòfò àti owó oṣù àwọn kóòṣì jẹ́ 52,000 lọ́dún kẹrin, ó sì tún jẹ́ 52,000 lọ́dún karùn-ún. Ìnáwó yìí kò mọ̀ bóyá ọmọ pọ̀ tàbí ọmọ dín. Ẹni tó ni pápá kò ní dín owó kù nítorí pé ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò wá mọ́. Nígbà tí ọmọ 135 jọ ń gbé e, 385 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ọmọ 120, ó di 433. Nínú 80 tó fi ga, 48 ti jáde níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì náwó nínàákúnàá. Àwọn ọmọ tó lọ ló yẹ kí ìgbìmọ̀ máa béèrè nípa wọn: ta ni wọ́n, kí ló dé tí wọ́n lọ, ṣé ẹnì kan pe òbí wọn?

Ẹ tún rántí pé ìnáwó pápá àti kóòṣì kì í gùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Bí àtẹ̀gùn ló rí. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí kóòṣì kan lè bójú tó ọmọ 18 máa gba ọmọ kejìdínlógún láìná ohun tó pọ̀. Bí ọmọ kọkàndínlógún bá dé, ẹ ti di ẹgbẹ́ méjì nìyẹn, kóòṣì kejì, owó líìgì kejì, wákàtí kejì lórí pápá. Inú gbogbo ènìyàn á máa dùn pé ọmọ ń pọ̀ sí i, báńkì á sì máa gbẹ.

Ó ku 32 nínú 80 yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alága yín wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọkàn mi wà jù nínú gbogbo ìwé yìí. Mo fi ìlà ìnáwó ọdún kẹrin àti ti ọdún karùn-ún wé ara wọn. Títún àwọ̀n ṣe, fífọ jẹ́sì, owó ọkọ̀ rẹfirí, káàdì fóònù, àpótí oògùn: kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé ọdún kìíní títí dé ìkẹrin. Gbogbo wọn yọjú lọ́dún karùn-ún, àpapọ̀ wọn jẹ́ 3,800. Pín in sí ọmọ 120, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32. Ẹ fi kún 48, ẹ ti rí 80 yín.

Ṣé àwọ̀n kò ya fún ọdún mẹ́rin ni? Ṣé jẹ́sì ń fọ ara rẹ̀ ni? Ẹnì kan ló ń san án látinú àpò ara rẹ̀, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó lẹ́ẹ̀kan ti olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ kan tó ti dàgbà, tí ọmọ tuntun tó gba ipò akápò mú mi lọ bá nílé. A bi í léèrè irú ìbéèrè yìí. Ó wọlé lọ, ó gbé ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n fi rọ́bà dè. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀, ojú ìwé lé ojú ìwé: bàtà fún ọmọ yìí, owó ọkọ̀ fún tọ̀hún, owó ilé ìwòsàn fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́. Ó ní òun kò mú un wá sí ìpàdé rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun fẹ́ gba owó padà. Akápò yẹn kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin yìí ṣe oore ńlá, àmọ́ oore tí kò sí nínú ìwé ń tan àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ. Wọ́n á rò pé 520 ni ọmọ kan ń ná ẹgbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ó ti tó 550 tipẹ́.

Ẹ lọ bá alága yín nílé. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ní kó bá yín rántí gbogbo ohun tó máa ń san tàbí tó máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ṣí abala kan nínú ìwé fún ohun tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ láìjẹ́ owó: kóòṣì tí kò gbowó, ìyá tó ń fọ aṣọ, ilé ẹ̀kọ́ tó ń yá yín ní pápá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ iye tí ẹ ì bá san síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní wọ inú owó báńkì, àmọ́ ẹ máa mọ ohun tó máa já lé yín lórí lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá kó lọ sí ìlú mìíràn.

Ní ti owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ má dín in kù. 420 ni ẹ ń gbà láti ọdún kìíní, ẹ kò sì tíì fi ọwọ́ kàn án. Lọ́dún kìíní, ohun tí owó òbí kò ká jẹ́ 30 lórí ọmọ kan, 2,700 lápapọ̀. Ẹ rí i láti ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún tó kọjá, ó ti di 180 lórí ọmọ kan, 21,600 lápapọ̀, ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ yín kúrò ní ẹgbẹ́ tí òbí ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó di ẹgbẹ́ tó ń wo ojú onígbọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó pinnu bẹ́ẹ̀. Kò burú láti ní onígbọ̀wọ́, bí kò bá ti jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ má sì fò lọ sí 600 lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹni tó máa kọ́kọ́ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ nílò ẹgbẹ́ jù. Tó bá jẹ́ èmi, mo máa gbé e dé 460 lọ́dún yìí, mo máa jẹ́ kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà òbí pé 600 ni ọmọ yín ń ná wa, onígbọ̀wọ́ ló ń san èyí tó kù. Òbí tó mọ iye yẹn máa ń gba 40 tí ẹ fi kún un láìjà. Ẹni tí ẹ bá ṣàdédé fi owó kún fún láìṣàlàyé ló máa ń bínú.

Nínú ìwé yín, orúkọ ọmọ méjìlá wà lábẹ́ “gbèsè òbí”, àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé wọn kò lè san án, èmi náà mọ̀. Ẹ pa orúkọ gbèsè yẹn rẹ́. Ẹ fi í sínú ètò ìṣúná gẹ́gẹ́ bí owó ìrànlọ́wọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó, 5,040 fún ọmọ méjìlá, kí ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ sí i ní gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹni méjì péré sì mọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Gbèsè tí kò ní padà wọlé ń mú kí ẹgbẹ́ dà bí ẹni tó lówó níta. Ọmọ tó ń rí ojú akápò tó sì ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn igi kò ní gbádùn bọ́ọ̀lù, mo ti rí irú rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Nǹkan kan wà tí ẹ lè fi wákàtí kan ṣe, tó máa sọ òótọ́ fún yín ju ìròyìn ọdọọdún lọ. Ẹ mú ìwé báńkì ọdún mẹ́ta, kí ẹ wá oṣù tí owó kéré jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Owó irú ẹgbẹ́ báyìí máa ń ya wọlé bí àgbàrá nínú oṣù kan tàbí méjì, á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tó kù, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a máa yọjú wo kànga yín. Fún ẹ̀yin, oṣù tó ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ ni. Ó jẹ́ 30,000 lọ́dún kẹta, 27,000 lọ́dún kẹrin, 20,500 lọ́dún karùn-ún. Omi ń sọ̀kalẹ̀, ó sì ń yára sí i. Àwọn tó ní nǹkan kò dára rí òótọ́ apá kan, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni wọ́n ṣì.

Lórí bọ́ọ̀sì, rárá, kì í ṣe lọ́dún yìí. Ìgbìmọ̀ ń wo iye tí wọ́n ń tà á. Èmi ń wo adójútòfò, epo, táyà, awakọ̀, ibi tí ẹ máa gbé e sí, àti bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ máa rà lẹ́yìn rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá rà tó máa gbó, ẹ máa tọ́jú owó èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ilé bọ́ọ̀lù onírin tí ẹ ra ní 8,000, tó bá máa lo ọdún mẹ́jọ, 1,000 ló ń jẹ lọ́dún kan, yálà ẹ kọ ọ́ tàbí ẹ kò kọ ọ́. Àwọn tó gba owó ìrànwọ́ ṣe pápá oníkoríko àtọwọ́dá máa ń gbàgbé pé koríko náà máa ń gbó láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó fún wọn lówó àkọ́kọ́ kì í sábà padà wá.

Ní ti ìṣàkóso, kúkúrú: kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí owó tó ń jáde, kí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí má jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé, kí ẹnì kẹta máa wo ìwé báńkì lóṣooṣù. Ààbò ẹ̀yin gan-an nìyẹn, akápò. Kí ẹ sì bi aṣírò owó tó mọ òfin ibi tí ẹ wà nípa ìwé ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè, torí ìgbà tí akápò bá yí padà ni wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí kò bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léraléra ti pàdánù àǹfààní àìsanwó-orí rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ọmọ yín tó wà lókè òkun. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́. Òfin FIFA nípa ìṣípòpadà agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ dàgbà ní ẹ̀tọ́ méjì. Èkíní jẹ́ owó ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́, fún ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé olówó oṣù nígbà àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àti nígbà tó bá ṣí lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí ọdún kàlẹ́ńdà tó pé ọmọ ọdún 23 tó parí. Èkejì ni wọ́n ń dá láti inú owó tí ẹgbẹ́ kan bá fi rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn: wọ́n á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó pé ọmọ ọdún 12 sí èyí tó pé 15, ń gba 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, láti ọdún 16 sí 23 ń gba 0.5.

Ìwé yín fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ló wà ní ọdún tó pé ọmọ ọdún 12, 13 àti 14. Ọdún mẹ́ta, 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní wọ́n tà á ní 1,000,000, 7,500 ló máa kàn yín. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbé ẹgbẹ́ yín. Bí àdéhùn rẹ̀ bá sì parí tó lọ láìsí owó ìṣípòpadà, kò sí nǹkan kan láti pín níbẹ̀. Ẹ gbà á bó bá dé, kí ẹ fi í sínú owó ìpamọ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná ọdún kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ìrètí yẹn yí ojú kóòṣì padà sí ọmọ tó kù, kó má di pé ọmọ tó lè “mú owó wá” nìkan ni wọ́n ń kọ́.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè fi hàn. Láti oṣù November 2022 ni FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ tí irú owó yìí ń gbà kọjá, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ kò bá forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ nígbà náà, ó ṣòro láti rí nǹkan kan gbà. Nínú páálí tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, mo rí i pé rìsíìtì owó líìgì ọdún kejì ti ṣá, irú bébà tí ẹ̀rọ ń fi ooru tẹ̀, lẹ́tà orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ẹ ya fọ́tò gbogbo irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye owó sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú bíírò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá káàdì ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ ẹgbẹ́ yín wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ.